Ọmọ-ọmọ Akọrin Arò Tí Ó Di Ikọ̀: Ìtàn Àgbàyanu Kofi Awoonor

Ẹ̀yin ará Agbowó, ẹ fún mi ní etí yín. Ẹ̀yin tí ilé yín kọjú sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìwé, tí ẹ ń tẹ̀wé, tí ẹ ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí ẹ ń di iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìtàn yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Òótọ́ ni láti orí dé ẹsẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè búra pé àlọ́ ni.

Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ìyá àgbà rẹ̀ ń kọrin sin òkú. Òkun ń jẹ ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ológun sọ ọ́ sẹ́wọ̀n létí òkun. Ó la òkun kọjá lọ sí ilẹ̀ tí àwọn òrìṣà wa ti ń jó lókèèrè, ó sì jókòó láàárín àwọn aṣojú gbogbo ayé. Nígbẹ̀yìn, ikú lọ ká a mọ́ inú ọjà ní ilẹ̀ àjèjì, ní ọjọ́ gan-an tí ó yẹ kí ó kéwì. Kofi Awoonor ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Gánà ni, ẹ̀yà Ewe ni, akéwì ni, ikọ̀ ìjọba ni. Ìlú Ìbàdàn yìí ni wọ́n sì ti tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀nà akéwì àti ọ̀nà ikọ̀ kò lè papọ̀. Wọ́n ní ohun tí ọkàn bá rán akéwì ni ó ń sọ, ohun tí ìjọba bá rán ikọ̀ ni òun náà ń sọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, arọ́kin ni ó ń pa ìtàn àwọn ọba mọ́ sórí ahọ́n, ìlàrí ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ Aláàfin lọ sí ìlú mìíràn. Ẹnu méjì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn àgbà sì ti fún wa ní ìlànà iṣẹ́ náà: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọkùnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àwọn òkú ìdílé rẹ̀ rán an níṣẹ́, àwọn alààyè orílẹ̀-èdè rẹ̀ náà rán an níṣẹ́, ó sì jẹ́ méjèèjì. Ibẹ̀ gan-an ni àgbàyanu ìtàn náà wà.

Àwọn tí ó fi ẹ̀yìn rìn jáde

Kí a tó sọ ti ọmọ, ẹ jẹ́ kí a sọ ti àwọn baba. Ìtàn àwọn Ewe fúnra wọn ni ó sọ pé Kétu ni wọ́n ti ṣí wá, Kétu tiwa yìí, ìlú Alákétu tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Láti ibẹ̀ wọ́n rìn lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn títí wọ́n fi dé Notsie, ní ilẹ̀ Tógò. Ìlú olódi ni Notsie. Odi rẹ̀ ga, ó nípọn, ọba kan sì jẹ níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Agokoli. Wọ́n ní ìkà ọba náà kọjá sísọ. Ó da ẹ̀gún sínú amọ̀, ó ní kí àwọn ènìyàn fi ẹsẹ̀ lásán pò ó. Ó tún ní kí wọ́n fi amọ̀ hun okùn fún òun.

Àwọn obìnrin ni ó yọ wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da omi àwo àti omi ìfọṣọ sí ojú kan ṣoṣo lára odi náà, títí ojú ibẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tí ó di alẹ́ ọjọ́ kan, tí ìlù ń dún kíkankíkan, tí ọba rò pé ijó lásán ni wọ́n ń jó, wọ́n gún odi náà lulẹ̀. Àwọn obìnrin àti ọmọdé kọ́kọ́ kọjá, àwọn ọkùnrin tẹ̀lé wọn, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rìn jáde, kí ẹni tí ó bá rí ipasẹ̀ wọn lè rò pé ńṣe ni wọ́n ń wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe rìn dé etí òkun, tí apá kan wọn fi tẹ ilẹ̀ Anlo dó. Títí di òní, nínú oṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn ará Anlo a máa péjọ sí ìlú Anloga láti ṣe ọdún Hogbetsotso, kí ìjáde náà má baà di ohun ìgbàgbé. Afa tí àwọn babaláwo wọn ń dá, ẹbí Ifá wa ni.

Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ láti kékeré pé orin àti ìtàn ni ẹrù tí ìran òun rù jáde kúrò nínú ìgbèkùn. Wọn kò gbé wúrà, wọn kò gbé ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n gbé, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n sọnù.

Ìyá àgbà àti òkun

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 1935, ní Wheta, ìletò kan nítòsí Keta, ni wọ́n bí George Kofi Nyidevu Awoonor-Williams. Nyidevu jẹ́ orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Sàró sì wà nínú ìdílé baba rẹ̀, irú Sàró tí àwa náà mọ̀ dáadáa ní Èkó àti Abẹ́òkúta. Ọmọ náà bá ara rẹ̀ ní oríta láti ọjọ́ ìbí: àṣà Anlo ní ọwọ́ kan, ilé-ìwé òyìnbó ní ọwọ́ kejì.

Ìyá àgbà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Akọrin arò ni ìyá náà. Ní ilẹ̀ Anlo, òkú kì í lọ ní dídákẹ́. Bí ẹnìkan bá ti fi ayé sílẹ̀, àwọn akọrin arò a gbé ohùn sókè, wọn a ka ìran olóògbé, wọn a sọ ìyà tí ó kù fún ọmọ òrukàn, wọn a sì rán olóògbé náà níṣẹ́ sí àwọn tí ó ti lọ ṣáájú, pé kí ó lọ ròyìn bí ilé ti rí fún wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí yìí dáadáa. Lójú àwọn Anlo, òkú fúnra rẹ̀ ikọ̀ ni, akọrin ni ó sì ń fi ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sí i lẹ́nu. Ọmọdékùnrin tí ó jókòó ti ìyá àgbà níbi ìsìnkú ń kọ́ iṣẹ́ ikọ̀ láìmọ̀.

Gbajúgbajà jùlọ nínú àwọn akọrin arò ìgbà náà ni Vinoko Akpalu. Òun ni ó fún orin arò Anlo ní ọ̀nà tuntun tí àwọn mìíràn ń tọ̀. Ìbànújẹ́ ọmọ tí kò lẹ́nìkan, ikú tí ń kan ilẹ̀kùn, ẹbí tí ó túká: gbogbo rẹ̀ wà nínú orin rẹ̀. Awoonor gbọ́ ọ, ó gbé e mì, kò sì pọ̀ ọ́ mọ́ láéláé.

Ìbànújẹ́ kejì tí ó fi ojú rí ni ti òkun. Orí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni Keta wà, òkun ní iwájú, ọ̀sà ní ẹ̀yìn. Ìgbì a máa ya wọ ìlú, a máa gbé ilé, a máa gbé ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀. Odi Prinzenstein tí àwọn ará Denmark kọ́ síbẹ̀ ní 1784, tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀, òkun ya bo òun náà ní 1980, ó sì gbé apá kan rẹ̀ lọ. Awoonor kọ ewì nípa òkun tí ń jẹ ilẹ̀ ní ilé, nípa igbe àwọn ìyá tí ohun èlò ìdáná wọn bá omi lọ ní òru. Àìmọye ọmọ iléèwé girama ní Nàìjíríà, ní Gánà, ní Sàró àti Gáńbíà ni ó ti fi ewì náà ṣe ìdánwò, láìmọ̀ pé ìlú tí ó wà láàyè ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó lọ sí iléèwé Achimota, ó lọ sí Yunifásítì Gánà ní Legon, ó gba oyè rẹ̀ ní 1960, nígbà tí òmìnira Gánà kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Ó kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Áfíríkà ní Legon, ó ṣe olótùú ìwé ìròyìn Okyeame, ó sì darí iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba Gánà. Ọ̀dọ́ ni, ayé ń pè é.

Ilé kan nítòsí ọjà Dùgbẹ̀

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí ìtàn wá sílé. Ní 1961, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, ilé kan wà tí àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan gba ilé náà, wọ́n pè é ní Mbari. Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, wà níbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, Chinua Achebe wà níbẹ̀, Christopher Okigbo àti J. P. Clark wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ezekiel Mphahlele tí ó ti fi Gúúsù Áfíríkà sílẹ̀ nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Wọ́n ń ṣeré lórí ìtàgé, wọ́n ń pàtẹ àwòrán, wọ́n ń jiyàn dòru, wọ́n sì ń tẹ̀wé.

Háà, ẹ wo agbára inú ilé kékeré! Ilé yìí tẹ ewì Okigbo jáde ní 1962. Ní 1967 Okigbo kú sójú ogun abẹ́lé. Ó tẹ ìtàn Alex La Guma jáde ní 1962; ìjọba Gúúsù Áfíríkà de La Guma mọ́lé. Ó tẹ ewì Dennis Brutus jáde ní 1963. Ọdún náà gan-an ni ọlọ́pàá yìnbọn lu Brutus ní Johannesburg, tí wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù ẹ̀wọ̀n Robben lẹ́yìn náà. Ó tẹ eré mẹ́ta Ṣóyínká jáde ní 1963. Láti 1967 sí 1969 ẹ̀wọ̀n ni Ṣóyínká wà. Bí ẹni pé ẹnikẹ́ni tí ilé náà bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ san owó ọ̀rọ̀ náà ni.

Ní 1964, Mbari tẹ ìwé ewì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n pè ní Rediscovery and Other Poems. George Awoonor-Williams ni orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, ẹni ọdún 29. Accra ni ó ń gbé, Ìbàdàn ni ó fi ohùn rẹ̀ fún ayé. Kí ni ó jẹ́ ìyanu nínú ewì rẹ̀ ìgbà náà? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìyá àgbà ni ó ń jáde. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń wọ aṣọ àwọn akéwì Lọ́ńdọ̀nù, òun lọ bá Akpalu. Ó fi ewì rán iṣẹ́ sí àwọn baba ńlá tí ó ti kú, pé nǹkan ti dojú rú, pé ọgbà ilé ti wó, pé àjèjì ti wọlé. Nínú òmíràn, ó sọ ti ẹyẹ ẹ̀gà tí ó wá kọ́ ìtẹ́ sínú ilé wa, tí a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí ó tó wá sọ ara rẹ̀ di onílé mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ bí òyìnbó ṣe wọ ilẹ̀ wa kò nílò àlàyé.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn akéwì kan ti wà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọgbọ́n inú ààfin, tí wọ́n lọ ń gbọ́ orin àwọn ará oko, tí wọ́n ń bá òkun àti adágún sọ̀rọ̀, tí wọn kò sì tijú ẹkún. Awoonor kò níláti lọ jìnnà kí ó tó rí irú ọ̀nà yẹn. Ìdí ààrò ìyá àgbà ni ó ti bá a.

Ilé etí òkun

Ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 1966 dé. Kwame Nkrumah wà lẹ́nu ìrìn-àjò sí ilẹ̀ Éṣíà, àwọn sójà sì gba ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún kejì, Awoonor ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kàwé sí i. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Amẹ́ríkà, sí yunifásítì Stony Brook ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1972, tí ó sì ń kọ́ni. Ní 1971, ìwé ewì rẹ̀ kan jáde, ìtàn-àròsọ rẹ̀ This Earth, My Brother náà sì jáde lọ́dún yẹn. Ẹ wo orúkọ tí ó wà lára wọn: Kofi Awoonor. Ó ti bọ́ George àti Williams sílẹ̀.

Ara rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Anlo ni ọkàn rẹ̀ ń gbé. Ó lọ bá àwọn akéwì ẹnu mẹ́ta, Akpalu, Dunyo àti Ekpe, ó gba orin wọn sílẹ̀, ó béèrè ìtàn ayé wọn, ó sì túmọ̀ wọn sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1974. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni nígbà náà, síbẹ̀ ó jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà bí ọmọ iṣẹ́. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni The Breast of the Earth jáde, ìwé gbàǹgbà lórí lítíréṣọ̀ àti àṣà Áfíríkà.

Ní 1975 náà ni ó gbéra, ó padà sílé, ó di olórí ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Cape Coast. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé tí a ń yán hànhàn fún a máa ní ìdánwò tirẹ̀. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ìjọba ológun Ọ̀gágun Acheampong fi òfin gbé e. Wọ́n ní ó ran sójà kan lọ́wọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn. Wọ́n sọ ọ́ sí Ussher Fort ní Accra, odi tí àwọn ará Holland kọ́ ní 1649, tí ó ti rí ẹrú, tí ó ti rí ìbọn àgbá, tí ó wá di ẹ̀wọ̀n.

Ẹ rò ó wò. Òkun tí ń jẹ ilé rẹ̀ ní Keta náà ni ó ń gbọ́ láti inú yàrá ẹ̀wọ̀n ní Accra. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi tì í mọ́lé láìgbé e dé kóòtù. Ẹlòmíràn ìbá fọ́, ẹlòmíràn ìbá ya wèrè, ẹlòmíràn ìbá di ẹni tí ń kí sójà ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Awoonor kéwì. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ nínú oṣù kẹwàá 1976, ewì bá a jáde, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1978 ní orúkọ ilé tí ó wà létí òkun. Orin tí ìyá àgbà ń kọ fún òkú, òun kọ ọ́ fún orílẹ̀-èdè tí ó wà láàyè.

Ìrìn-àjò ikọ̀

Ìgbà yí padà. Ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1981, Jerry Rawlings gba ìjọba Gánà. Ní 1984, wọ́n fi Awoonor ṣe ikọ̀ Gánà sí Bràsíl. Ẹ bá mi wo irú ilẹ̀ tí ó lọ! Ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà àìmọye, láti Keta, láti Wida, láti Àgbádárìgì, láti Èkó. Ọdún 1888 ni wọ́n tó fi òpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Síbẹ̀ bí ènìyàn bá dé Salvador ní Bahia, yóò gbọ́ tí wọ́n ń ki Ṣàngó, yóò rí aṣọ funfun Ọbàtálá, yóò rí àwọn tí ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sínú òkun. Àwọn Ewe àti Fọn náà kò gbẹ́yìn, òrìṣà tiwọn ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ọmọ-ọmọ akọrin arò ni ìjọba rán lọ sáàárín àwọn ọmọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ orin arò fún nígbà tí ọkọ̀ gbé wọn lọ. Ta ni ìbá tún yẹ jù ú lọ?

Ní 1988 ó kọjá sí Kúbà, ó ṣe ikọ̀ níbẹ̀ di 1990. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ Gánà ń kàwé ní erékùṣù kan lábẹ́ ìjọba Kúbà, ìgbà yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Kúbà wà ní Àǹgólà tí wọ́n ń kojú ogun Gúúsù Áfíríkà. Ní oṣù kejìlá 1988, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó ṣínà òmìnira fún Nàmíbíà. Ó rí gbogbo rẹ̀ lójú ayé. Ìwé ewì tí ó ti inú ìrìn-àjò náà wá jáde ní 1992, pẹ̀lú ìtàn-àròsọ rẹ̀ kejì, ìtàn ẹni tí ó ti òkè òkun padà wá wá ilé baba rẹ̀.

Nígbà náà ni iṣẹ́ tí ó tóbi jù dé. Láti 1990 sí 1994, òun ni aṣojú Gánà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ẹ ṣírò ọdún yẹn. Ọjọ́ 11, oṣù kejì, 1990 ni Nelson Mandela jáde lẹ́wọ̀n. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó dúró sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn àjọ náà. Ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, 1994 ni gbogbo ẹ̀yà, dúdú àti funfun, jọ dìbò ní Gúúsù Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Gánà àti Nàìjíríà ti wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń gbógun ti ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1963, ọmọ Ìlọrin kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, sì ni alága rẹ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn. Mbari ti tẹ ewì Brutus àti ewì Awoonor jáde láti ilé kan náà ní Dùgbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Awoonor wà lára àwọn aṣojú Áfíríkà tí ó rí i tí ìjọba tí ó yìnbọn lu Brutus wó lulẹ̀.

Orúkọ rere, orúkọ oníyànjiyàn

Mi ò ní fi ìyìn bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn kan bínú sí Awoonor. Wọ́n ní ẹni tí ológun sọ sẹ́wọ̀n, kí ni ó tún ń wá lọ́dọ̀ ológun mìíràn? Ìjọba Rawlings kì í ṣe ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gaara, Awoonor sì fi kálàmù rẹ̀ gbè é nínú ìwé ìtàn òṣèlú Gánà tí ó kọ ní 1990. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni wọ́n bi í. Ohun tí èmi rí ni pé kò fi ewì rẹ̀ ta ọjà fún ìjọba. Ó sin Gánà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó sì fi ewì sin àwọn òkú àti àwọn aláìní bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni akéwì tí ó di ikọ̀, tí wọ́n sì ń jiyàn lé lórí. Alphonse de Lamartine, akéwì Faransé tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ewì adágún àti ìbànújẹ́, ṣe iṣẹ́ ikọ̀ ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1848. Ìjọba tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, nínú oṣù kẹrin ọdún náà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejìlá, ó díje fún ipò ààrẹ, ìbò tí ó rí kò tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ariwo ọjà kò dúró ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí ènìyàn ṣe ni í dúró.

Gánà kò gbàgbé tirẹ̀. Láti 2009 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2013, Awoonor ni alága Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè, àwọn àgbà tí ń gba ààrẹ nímọ̀ràn. Ọmọ Wheta wá di ẹnu àwọn àgbà gbogbo ilẹ̀ náà.

Ọjọ́ Sátidé kan ní Nairobi

Ní oṣù kẹsàn-án 2013, wọ́n pè é sí àpéjọ àwọn òǹkọ̀wé, Storymoja, ní Nairobi, olú-ìlú Kẹ́ńyà. Ẹni ọdún 78 ni. Àwọn ọ̀dọ́ akéwì ń dúró dè é. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 21, ó yẹ kí ó bá àwọn akéwì mìíràn gun orí ìtàgé ní ìrọ̀lẹ́. Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ilé ìtajà Westgate. Àwọn agbébọn al-Shabaab ya wọ ibẹ̀, wọ́n ń pa àgbà, wọ́n ń pa ọmọdé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wàhálà náà fi wà. Ẹni 67 ni wọ́n pa. Ìbọn ba ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè. Kofi Awoonor kò yè.

Ìròyìn náà gba gbogbo Áfíríkà kan. Ẹni tí ó ti kọ orin arò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwọn akéwì ń kọ arò fún, ní Accra, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Nairobi. Ọkọ̀ òfúrufú gbé òkú rẹ̀ padà sí Gánà, gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe sìnkú rẹ̀. Ní 2014, àkójọ ewì rẹ̀ tí wọ́n ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú jáde. Kofi Anyidoho, akéwì Ewe bíi tirẹ̀, ni ó ṣe àkójọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ àkọlé tí wọ́n fún un: The Promise of Hope. Ìlérí ìrètí, láti ẹnu ẹni tí ìbọn pa!

Ohun tí ó kù fún wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yá yàrá ní Agbowó, Barika àti Orógùn, ẹ̀yin tí ẹ ń rékọjá títì wọ yunifásítì láràárọ̀, ìtàn yìí béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín. Awoonor kò di ẹni ńlá nítorí pé ó kúrò lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó di ẹni ńlá nítorí pé ó gbé ohùn ìyá àgbà dé gbogbo ibi tí wọ́n rán an. Àwọn ìyá tí ó mọ orin arò, ẹkún ìyàwó, oríkì orílẹ̀ àti rárà ṣì wà ní agbo ilé Ìbàdàn, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìgbòho, ní Kétu. Fóònù tí ó lè gba ohùn wọn sílẹ̀ wà nínú àpò yín. Ìsinmi kan tó láti lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ béèrè orúkọ orin, ẹni tí ó dá a, àti òkú tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ìlú yìí, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ tẹ ewì ọkùnrin yìí, ní ìgbà tí owó kò tó nǹkan, tí orúkọ rẹ̀ kò sì tíì tàn ká. Kì í ṣe ohun tí ó ṣòro láti bá àwọn ẹbí rẹ̀ ṣàdéhùn, kí wọ́n tún ìwé 1964 náà tẹ̀, kí ó sì padà sí orí àtẹ ní Dùgbẹ̀ àti Agbowó, pẹ̀lú ìtumọ̀ Yorùbá ní ojú ewé kejì. Àwọn ọmọ Kétu yóò tipa bẹ́ẹ̀ ka ohun tí ọmọ ìyá wọn láti Anlo rí, àwọn ọmọ iléèwé wa yóò sì mọ̀ pé ìlú tí wọ́n ń gbé ti bá ayé sọ̀rọ̀ rí, pé ó tún lè bá ayé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.